Ìlà lára ọkọ̀: èyí tó ṣeé pa rẹ́ àti èyí tí kò ṣeé pa rẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn lójú pópó Kútọnù, Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ni kì í ṣe tuntun nígbà tí wọ́n dé ọwọ́ ẹni tó ń wà wọ́n. Wọ́n ti rin ọ̀nà òkèèrè fún ọdún púpọ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn dé èbúté Kútọnù. Ẹni tó rà wọ́n ti fi ọdún pípẹ́ kó owó jọ. Ẹlòmíràn kó èésú, ẹlòmíràn yá owó lọ́wọ́ ẹbí. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọwọ́ alùpùpù kan bá fa ìlà gbọọrọ sára ilẹ̀kùn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkàn olówó rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi wá nǹkan ṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹwà nìkan. Ìlà tó bá dé irin ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìpáàrà. Iná iwájú tó ti ha tó sì ti ṣú kì í mọ́lẹ̀ dáadáa lóru. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́la yóò na ìka sí ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa já owó lé e lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù lọ, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìlà fúnra rẹ̀ bí kò ṣe ìwàǹwára ẹni tó fẹ́ pa á rẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀dà tí kò nípọn ju ẹyọ irun méjì lọ

Ẹni tó bá fẹ́ tún ojú ìlà ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìlà náà là kọjá. Lára ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kùn, ìpele mẹ́rin ló sábà máa ń wà lórí páànù. Èkíní ni ọ̀dà ààbò tí wọ́n fi agbára iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ irin nígbà tí wọ́n ri gbogbo ara ọkọ̀ bọ inú àmù ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí omi kan irin. Èkejì ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní apprêt, tó sábà máa ń ní àwọ̀ eérú tàbí funfun. Òun ló ń mú kí ojú páànù tẹ́jú. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà tó ní àwọ̀ tí gbogbo ayé ń rí. Ẹ̀kẹrin, tó wà lókè pátápátá, ni vernis: kò ní àwọ̀, ó mọ́ gaara bí omi, òun ló ń dán, òun náà ló sì ń gba ìyà oòrùn àti òjò kí àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ má baà ṣá.

Gbogbo ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ kò sábà ju 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù lọ. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 1000, ìdá kan rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù 1. Ẹyọ irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 70. Vernis nìkan wà láàárín nǹkan bí 35 sí 50, èyí ni pé kò tó ẹyọ irun kan. Gbogbo ìgbà tí a bá fi ohun tó ní yanrìn nínú ra ara ọkọ̀ kí ó lè dán, díẹ̀ nínú vernis yìí ló ń bá aṣọ lọ, kò sì ní padà wá mọ́. Ẹni tó bá ń dán ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣooṣù ń ná owó tí kò lè rí kó padà.

Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí wọn kò ní vernis rárá: àwọ̀ wọn gan-an ló ń dán. Ọ̀nà láti dá wọn mọ̀ rọrùn. Kí a fi ìpara pólíìṣì díẹ̀ sórí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀, kí a fi ra igun kékeré kan. Bí aṣọ náà bá gba àwọ̀ ọkọ̀, kò sí vernis níbẹ̀, ọ̀dà gan-an ni ọwọ́ ń hú.

Èékánná, omi àti ojú

Ohun mẹ́ta tí kò ná ẹnikẹ́ni ní owó ló ń sọ bí ìlà ṣe jìn tó. Èkíní ni omi. Kí a wẹ ibẹ̀ mọ́ kí a sì fi omi rin ín. Bí ìlà náà bá pòórá nígbà tí omi wà lórí rẹ̀, tó sì padà nígbà tó gbẹ, inú vernis nìkan ló wà.

Èkejì ni èékánná. Kí a fi ṣóńṣó èékánná fa ojú ìlà náà kọjá ní ìbúú. Bí èékánná bá kọjá láìkọ́, pólíìṣì lè mú un kúrò. Bí ó bá kọ́ nínú rẹ̀, ìlà náà jìn ju ohun tí pólíìṣì lè dé lọ.

Ẹ̀kẹta ni ojú. Bí ìsàlẹ̀ ìlà bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ eérú lára ọkọ̀ tó ní àwọ̀ mìíràn, ó ti dé apprêt. Bí ó bá ń dán bí owó fàdákà, ó ti kan irin. Bí ó bá sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí a óò fi í sílẹ̀ tí kò ní fẹ̀ sí i.

Ó tún yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìlà ni lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ̀ méjì bá fara kanra, ọ̀dà ti ọ̀kan lè lẹ̀ mọ́ èkejì lára. Irú àmì bẹ́ẹ̀ yọ sókè, kò jìn sísàlẹ̀, ìpara pólíìṣì díẹ̀ sì tó láti nù ún kúrò.

Nígbà tí ìlà kò bá kọjá vernis

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ oòrùn. Abẹ́ ibòji ni kí ọkọ̀ wà, kí páànù sì tutù, nítorí ìpara tó bá gbẹ lójijì lórí páànù gbígbóná ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Kí a fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ ibẹ̀ dáadáa, torí pé ẹyọ yanrìn kan tó bá kù lábẹ́ aṣọ ń fa ìlà tuntun bí a ṣe ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Lẹ́yìn èyí, aṣọ rírọ̀ àti ìpara pólíìṣì díẹ̀ tó. Ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ ni kí a máa mú lẹ́ẹ̀kan.

Bí ìlà náà bá ṣì kù, àwọn tó mọṣẹ́ ń lo bébà oníyanrìn tí a ń fi omi lò, nọ́ńbà 2000 tàbí 3000. Wọn yóò kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi ọlọ́ṣẹ, wọn yóò sì fà á pẹ̀lú ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ibẹ̀ yóò fi ṣú díẹ̀. Ìpara líle díẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná, lẹ́yìn náà ìda tó ń bo ojú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ra jù lọ ni etí ilẹ̀kùn àti ibi tí páànù ti ṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Wọn a máa fi téèpù bo irú ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí pólíìṣì kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan: ooru rẹ̀ lè jó ọ̀dà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀dà tí kì í dán, tí àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan ní, kò gbọ́dọ̀ fojú kan pólíìṣì rárá, nítorí ibi tí a bá ti dán kò ní bá ìyókù mu mọ́.

Nígbà tí ìlà bá kan irin

Ìlú Kútọnù wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí irin tó wà níhòòhò pẹ́ kó tó dípáàrà. Ìpáàrà kì í sì í dúró sójú kan: abẹ́ ọ̀dà ló ń gbà, tí ọ̀dà tó yí i ká yóò fi wú bí ara tó léròó. Ẹni tí kò bá ní owó àtúnṣe lónìí lè fọ ibẹ̀, kó gbẹ ẹ́, kó sì fi ọ̀dà díẹ̀ bò ó títí owó yóò fi dé. Kò ní lẹ́wà, ṣùgbọ́n omi kò ní ríbi wọlé.

Fún ìlà tóóró, kò sí ìdí láti kun odindi ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àwọ̀ tirẹ̀, tí wọ́n kọ sára bébà tàbí páálí irin kékeré. Lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì la sábà ti ń rí i. Lára Toyota, fún àpẹẹrẹ, 040 jẹ́ nọ́ńbà funfun kan tó wọ́pọ̀. Nọ́ńbà yìí ni ẹni tó ń po ọ̀dà nílò. Kí a má ṣe fi ojú lásán yan àwọ̀, nítorí funfun pọ̀ ní oríṣiríṣi. Pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, a ó fi ọ̀dà náà kún inú ìlà ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó bọ́ sí i, títí yóò fi yọ díẹ̀ ju ojú ọ̀dà àtijọ́ lọ. Lẹ́yìn tó bá ti le fún ọjọ́ mélòó kan, bébà 2000 yóò mú un tẹ́jú, pólíìṣì yóò sì mú un dán.

Nígbà tí páànù bá ti tẹ̀ tàbí tí ìpáàrà ti jẹ ẹ́, iṣẹ́ tọ́líyè, ẹni tó ń lu páànù, àti ti ẹni tó ń fín ọ̀dà ni. Ibi tí iṣẹ́ rere ti yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹ̀tàn nìyí. Oníṣẹ́ rere yóò ha gbogbo ìpáàrà kúrò títí irin yóò fi mọ́, yóò nu ọ̀rá kúrò, yóò fi ọ̀dà ààbò bo irin kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Yóò lo mastic níwọ̀nba, yóò ha á pẹ̀lú bébà líle, bóyá nọ́ńbà 80, kó tó bọ́ sí 180 àti 320. Lórí apprêt yóò lo 400 sí 600 kó tó fín àwọ̀. Oníṣẹ́ ẹ̀tàn yóò kan rọ́ mastic lé ìpáàrà lórí. Mastic máa ń fa omi bíi kànìnkànìn, nítorí náà ìpáàrà yóò máa jẹun lọ nísàlẹ̀, ọ̀dà yóò sì wú kó tó pẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lè fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá ti lẹ̀ mọ́ páànù irin, mastic tó nípọn ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ ike tàbí alumíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdérí ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ kan jẹ́ alumíníọ̀mù láti ilé iṣẹ́.

Ojú ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè mú kí ọ̀dà tuntun ṣú bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ń bà lé ọ̀dà tútù. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ tó ń fín ọ̀dà ní gbangba fi ń wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ike kì í ṣe irin

Bọ́ńpà, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní pare-chocs, kì í ṣe páànù lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní: ike ni. Ike kì í dípáàrà, nítorí náà kò sí ìkánjú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ike. Bí oníṣẹ́ kò bá kọ́kọ́ fín oògùn ìlẹ̀mọ́ ti ike sí i kí ó tó kùn ún, ọ̀dà náà yóò bó bí èèpo nígbà tí ọkọ̀ bá tún kan nǹkan díẹ̀. Ike náà sì máa ń tẹ̀, nítorí náà ohun tó ń tẹ̀ ló yẹ kí a fi dí ojú ibi tó jìn. Mastic lásán yóò sán.

Ike dúdú tí wọn kò kùn, tí ojú rẹ̀ rí hàràhàrà, kò gba bébà oníyanrìn tàbí pólíìṣì. Bébà yóò pa ìrísí rẹ̀ rẹ́, pólíìṣì àti ìda yóò sì fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Ooru díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná lè mú kí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀ pa dà, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ṣe é má dúró sójú kan, kí ike má baà yọ́.

Iná iwájú: ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni

Àwọn tó mọ Peugeot 504 rántí pé iná iwájú rẹ̀ jẹ́ dígí. Dígí kì í pọ́n. Iná ọkọ̀ òde òní jẹ́ ike tí ń jẹ́ polycarbonate. Ike yìí le, kì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Nítorí èyí ni ilé iṣẹ́ ṣe ń fi ọ̀dà ààbò tí kò ní àwọ̀ bò ó. Nígbà tí oòrùn àti eruku bá ti jẹ ààbò yìí tán, iná á ṣú, awakọ̀ tó ń ti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ̀ lóru kò sì ní tètè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà.

Àtúnṣe rẹ̀ ṣeé ṣe. A ó fi téèpù bo ọ̀dà tó yí i ká. A ó lo bébà oníyanrìn pẹ̀lú omi, láti 800 dé 1500, dé 2000, dé 3000, a ó sì fi pólíìṣì parí rẹ̀. Yóò mọ́ gaara. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe wà: bébà ti hú ohun tó kù nínú ààbò kúrò. Bí a kò bá fín vernis tó lè kojú oòrùn lé e, iná náà yóò tún pọ́n láàárín oṣù díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ni ìdọ̀tí náà wà, kò sí bébà tó lè dé ibẹ̀ láti òde.

Àwọn kan ń fi oògùn ẹ̀fọn tí a ń fọ́n nu iná. Ó ń mọ́ lójú ẹsẹ̀ nítorí pé oògùn náà ń yọ́ ojú ike, lẹ́yìn náà ike á ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo bẹntiróòlù náà ń mú kí irú ike yìí sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́.

Dígí, jáńtì àti inú ọkọ̀

Ìlà tí ọwọ́ ìnudígí fà sára dígí iwájú, bí èékánná kò bá kọ́ nínú rẹ̀, ṣeé mú kúrò pẹ̀lú ìyẹ̀fun cerium oxide tí a po mọ́ omi, tí a sì fi fẹ́ẹ̀tì rírọ̀ yí pẹ́. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná. Èyí tó bá jìn, kí a má fọwọ́ kàn án: bí a bá gbẹ́ ojú dígí níbì kan ju ibòmíràn lọ, yóò máa yí ohun tí awakọ̀ ń rí po, ó sì léwu ju ìlà náà lọ. Pípààrọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kí a da omi sí dígí kí ọwọ́ ìnudígí tó yí. Eruku gbígbẹ ló ń fa púpọ̀ nínú ìlà wọ̀nyí.

Jáńtì alumíníọ̀mù tí etí òpópó ti bó ṣeé ha, kí a dí i, kí a kùn ún, kí a sì fi vernis bò ó. Ṣùgbọ́n jáńtì tó ti sán tàbí tó ti tẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́. Ẹni tó bá fi mastic bo ojú sísán ń fi ẹ̀mí tọ́ ikú wò. Krómù, ní tirẹ̀, fẹ́lẹ́ púpọ̀. Pólíìṣì jẹ́jẹ́ nìkan ló gbà. Bébà oníyanrìn yóò hú u kúrò pátápátá.

Nínú ọkọ̀, awọ àga sábà máa ń ní ọ̀dà tirẹ̀ lójú. A ó nù ún mọ́, a ó fi ohun ìdí awọ dí ibi tó ya, a ó sì fi ọ̀dà awọ tó bá a mu kùn ún. Ìpara bàtà kò tọ́ sí i: aṣọ ẹni tó bá jókòó ni yóò gbà á.

Oògùn ilé tó ń ba ọkọ̀ jẹ́

Ìpara ìfọyín ní yanrìn kíkúnná nínú, nítorí náà ó lè mú ìlà tó fẹ́lẹ́ jù rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dọ́gba, kì í sì í dé ibi tó jìn. Kẹrosíìnì ń mú kí ìlà fara pamọ́ nítorí ọ̀rá rẹ̀ kún inú rẹ̀; òjò àkọ́kọ́ yóò fọ̀ ọ́ lọ. Kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò ló burú jù: ó ń sọ ìlà kan di ọgọ́rùn-ún. Epo kpayo tó bá dà sára ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ láti inú ìgò gbọ́dọ̀ di fífi omi ṣàn lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ohun kan wà tí ẹni tó ń gba ọkọ̀ dídán padà kì í sábà rí. Vernis tí wọ́n ń po mọ́ durcisseur, ohun tó ń mú un le, ní isocyanate nínú. Èéfín rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń fa ikọ́ fée fún àwọn tó ń fín ọ̀dà káàkiri àgbáyé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́, díẹ̀ kínún lẹ́yìn náà tó láti mú kó máa jà fún èémí. Aṣọ tí a so mọ́ imú àti ìbòmú eruku lásán kò lè dá a dúró. Èyí tó dára jù ni ìbòmú tí ọ̀pá ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wá sínú rẹ̀. Níbi tí apá kò bá ká a, ìbòmú tó ní àgólò èédú, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ àgólò rẹ̀ déédéé, sàn ju òfìfo lọ.

Kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò ní ìbòmú má ṣe wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń fín. Kí wọ́n máa fi omi ha mastic àti ọ̀dà níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí eruku má baà fò. Kí wọ́n má ṣe fi epo bẹntiróòlù tàbí oògùn ìpo ọ̀dà fọ ọwọ́, nítorí awọ ara ń mu ún. Ọ̀gá tó bá ra ìbòmú fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò fi owó ṣòfò: ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó bàjẹ́ ní pààrọ̀, ẹ̀dọ̀fóró kò ní.

Ojú àpá

Púpọ̀ nínú ìlà ni a lè yẹra fún. Omi púpọ̀ ni kí a kọ́kọ́ da sára ọkọ̀ kí eruku pupa ọ̀nà Kétu ṣàn lọ, kí aṣọ tó kàn án. Garawa méjì dára ju ọ̀kan lọ: ọṣẹ nínú ọ̀kan, omi tí a fi ń ṣan aṣọ nínú èkejì. Aṣọ tó bá bọ́ sílẹ̀, kí a má ṣe fi kan ọkọ̀ mọ́ títí a ó fi fọ̀ ọ́.

Yorùbá ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè mú kí àpá ọkọ̀ sún mọ́ ojú ara débi pé ẹni tó ń kọjá kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọkọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Olùtajà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi ibi tí wọ́n ti tún ṣe hàn, tó sì sọ bí wọ́n ṣe tún un ṣe, lè pàdánù fáráǹkì díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá rà á yóò mú ẹlòmíràn wá sọ́dọ̀ rẹ̀.